Àṣìṣe tí wọ́n máa ń ṣe tí wọ́n bá ń wọn bí èèyàn ṣe ń mí hẹlẹ lórí kẹ̀kẹ́ ìdánwò

Tí èèyàn bá ń wa kẹ̀kẹ́ ìdánwò, wọ́n máa ń ní kó fi nọ́ńbà láti 0 dé 10 sọ bí mímí ṣe nira fún un tó. "Ó pe 7." Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sínú èsì nìyẹn, ó tán. Iṣẹ́ tó tó báwo ló ń ṣe tó fi pe 7, ẹ̀yin èèyàn mi? Ẹnì kan wa kẹ̀kẹ́ dé 250 wáàtì (ìyẹn ìwọ̀n agbára tẹ́sẹ̀ fi ń wa kẹ̀kẹ́) kó tó pe 7, ẹlòmíì ò kọjá 60 wáàtì tóun náà ti pe 7, ṣé ọ̀kan náà làwọn méjèèjì? Ẹni tára ẹ̀ dá ṣáṣá àti ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu, tí wọ́n bá fẹ́ bọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n máa pè lè fẹ́ẹ̀ jọra, iṣẹ́ tí kálukú ti ṣe kó tó débẹ̀ ni ò jọra. Torí náà ẹ má kọ nọ́ńbà ìkẹyìn nìkan. Ẹ máa bi í ní ìṣẹ́jú kan-kan tàbí méjì-méjì, kẹ́ ẹ sì kọ wáàtì tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lásìkò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa tó lè sọ pé ní 100 wáàtì, ẹni yìí ń mí ju bó ṣe yẹ lọ àbí kò jù ú lọ.

Bó ṣe yẹ yẹn gan-an làwọn míì ti ń ṣì í, torí ara tiwọn ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ ọdún 25 tó jẹ́ géńdé, 100 wáàtì eré lásán ni lójú ẹ̀, ìyá ọlọ́dún 65 tí ò ga, ìyẹn lè jẹ́ ibi tí agbára wọn pin sí, kì í sì í ṣe àìsàn. Lórí wáàtì kan náà, obìnrin sábà máa ń mí hẹlẹ ju ọkùnrin lọ, torí ẹ̀dọ̀fóró wọn àti ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kéré sí tọkùnrin, ọjọ́ orí náà sì tún ń dá kún un. Ẹ fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn, ẹ má fi wọ́n wé ara yín. Ẹ má sì jáyà nítorí pé èèyàn ń mí, jàre, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí bíi lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan, tẹ́sẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ gidi ó lè ju lítà 100 lọ, báwo ni ò ṣe ní mọ̀ ọ́n lára?

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n Borg, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà yẹn, náà wà ńbẹ̀. Gunnar Borg, ọmọ Sweden, ìwọ̀n méjì ló ṣe táwọn èèyàn ń lò pọ̀ mọ́ra: ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20, ó ń bá bí ọkàn ṣe ń lù rìn, èkejì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, òun ni wọ́n sábà ń lò fún mímí. Ẹ má fi ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wá fi èkejì parí. Lórí 0 sí 10 yẹn, ẹ má rò pé 5 ni "díẹ̀díẹ̀", 3 ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, 5 ti le, 7 ti le gan-an. Kó tó gun kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún un, pé 10 ni mímí tó burú jù tó rí rí tàbí tó lè ronú kàn, torí tẹ́ ẹ bá ti fi máàsìkì bò ó lẹ́nu kò ní lè dáhùn mọ́, ìka ló máa fi tọ́ka sórí páálí.

Àwọn àgbà wa wá ni iṣẹ́ ńlá. Ẹ ní "Bàbá, ẹ ṣì ń gbádùn, àbí?" wọ́n á mi orí, wọ́n á ní a dúpẹ́ o, òógùn ń dà lójú wọn. Ẹ ti fi ìdáhùn sí wọn lẹ́nu nìyẹn, bàbá wo ló fẹ́ sọ fọ́mọdé pé ara òun ò gbé e? "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fọwọ́ tọ́ka síbi tí mímí yín wà báyìí" ti tó. Ẹ má sì wojú ẹ̀ kẹ́ ẹ wá fúnra yín kọ nọ́ńbà sílẹ̀ o, tiẹ̀ ni, kì í ṣe tiyín. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ náà ò lè bá yín dáhùn, 98% lè wà lórí ẹ̀ kí èèyàn sì máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹsẹ̀ àti èémí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ bi í. Ọ̀pọ̀ ẹni tára ẹ̀ dá, itan ló ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, èémí ṣì kù nílẹ̀, "ṣé ó ti rẹ̀ yín?" á wá pa méjèèjì pọ̀. Kí kẹ̀kẹ́ má sì tètè le jù, ìṣẹ́jú 8 sí 12 ló dáa, tó bá parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí lẹ fẹ́ kọ? Àyà tó ń dun èèyàn, òòyì tó ń kọ́ ọ, ètè tó yí àwọ̀ padà, ẹ dá kẹ̀kẹ́ dúró, ẹ má bèèrè nọ́ńbà kankan.

Tó bá ti wá sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi í lójú ẹsẹ̀: èémí ló dá ẹ dúró ni, àbí ẹsẹ̀, àbí méjèèjì? Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó mu omi, kó jókòó, kó máa bá yín tàkúrọ̀sọ, nǹkan míì ló máa sọ.