Aago onípendulum tá a fọwọ́ ṣe ń kú: wéìtì ni àbí nǹkan míì?

Ìbéèrè, láti Mushin: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gé jíà látara páìwúùdù, mo fi ṣe aago ara ògiri tó ní pendulum, ọ̀pá tó ń fì sọ́tùn-ún sósì yẹn, ike omi tí mo rọ iyanrìn kún ni mo so rọ̀ kó máa fà á. Tí mo bá fọwọ́ ti pendulum á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá rọra kú. Mo fi iyanrìn kún iyanrìn, kò yàtọ̀, eyín jíà kan tiẹ̀ ti fẹ́ kán báyìí. Ṣé kí n wá pendulum tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ ni àbí kí n tún fi iyanrìn sí i?

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́, má fi nǹkan kan kún un mọ́. Pendulum kọ́ ló ń wa aago, wéìtì ló ń wà á, iṣẹ́ pendulum ò ju kó máa sọ ìgbà tí jíà lè rìn àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ dúró. Wo bó ṣe ń lọ: iyanrìn fa okùn, okùn yí róòlù, róòlù yí jíà, ó ń bọ̀ títí dé escape wheel, èyí tí eyín ẹ̀ ṣóńṣó yẹn, ibẹ̀ ni anchor, ìyẹn èyí tó ní ẹnu méjì tó ń fì pẹ̀lú pendulum, ti ń gbá eyín kan mú, á tú u sílẹ̀, á tún gbá òmíì mú lápá kejì. Bí eyín yẹn ṣe ń yọ̀ kúrò lẹ́nu anchor ló ń tì í díẹ̀, anchor á sì fi ọ̀pá kékeré ẹ̀yìn ẹ̀ ti pendulum. Àfi bí ẹni ń ti ọmọ lórí jangilófà, o ò ní fi agbára tì í, o kàn máa tì í díẹ̀ lásìkò tó yẹ ni.

Díẹ̀ yẹn sì kéré ju bó o ṣe rò lọ o. Ká ní wéìtì kìlò 3 sọ̀kalẹ̀ mítà 1 ní wákàtí 24, bíi joule 29 ni gbogbo agbára tó wà níbẹ̀, pín in sí ìṣẹ́jú àáyá 86,400, ó kù bíi 0.34 milliwatt. Iná pupa tín-ń-tín tó ń tàn lára ṣájà ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí aago ẹ bá wá ń kú, nǹkan kan ló ń jẹ agbára yẹn lójú ọ̀nà, bó o sì ṣe ń fi iyanrìn kún un ni irin jíà ń tẹ ihò ẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, ọ̀ràn ò yanjú, eyín ló máa kán.

Kọ́kọ́ já ike iyanrìn yẹn sílẹ̀, lẹ́yìn náà kó o tó yọ anchor, torí tó o bá yọ anchor tí wéìtì ṣì wà níbẹ̀ gbogbo ẹ̀ á sáré tú mọ́ ẹ lọ́wọ́. Wá so nǹkan fúyẹ́ rọ̀, bíi nọ́ọ̀tì méjì-mẹ́ta. Ó yẹ kí jíà máa yí láìjà, tó bá sì fẹ́ dúró kó padà sẹ́yìn díẹ̀. Tó bá ń dúró gbì, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí eyín ti pàdé, tún un yí, tó bá tún dúró síbẹ̀ a jẹ́ pé eyín yẹn ló ga jù, sáńpépà ló máa gbọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tó wù ú ló ń dúró sí, ihò ni kó o yẹ̀ wò. Lékòó níbí, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ páìwúùdù á mu omi inú afẹ́fẹ́ yó, ihò tó gba irin dáadáa lásìkò ọyẹ́ lè há. Fi àlàfo bíi milimítà 1 sílẹ̀ láàrin jíà àti férémù.

Tó bá jẹ́ béárìn Ládípò lo lò, gírísì inú ẹ̀ nípọn jù fún aago, ṣí ìdérí ẹ̀, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí á fi máa yí tó o bá fẹnu fẹ́ ẹ. Má da ọ́ìlì sí eyín jíà o, eruku ló máa kó. Lọ lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù, kó o fi ra á.

Ìyẹn tán, gbọ́ ohùn ẹ̀. Ká, ká, ká, àlàfo àárín wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tó bá ń sọ ká-ká… ká-ká…, á jẹ́ pé ó ń fì sápá kan ju èkejì lọ, ó sì máa kú dandan. Tẹ ọ̀pá kékeré ẹ̀yìn anchor yẹn díẹ̀ sósì tàbí sọ́tùn-ún títí á fi dọ́gba. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà ò lè bá ẹ ṣe èyí, àfi etí.

Mushin lẹ́ẹ̀kan sí i: Ìṣó ni mo fi pendulum kọ́ o.

Ìdáhùn: Háà! Ibẹ̀ náà ń jẹ agbára yẹn. Gé pẹlẹbẹ tín-ínrín lára feeler gauge tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo, di orí ẹ̀ mú gírígírí lókè, so pendulum mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Irin yẹn á máa tẹ̀, kò ní máa ha.

Ìbéèrè, láti Ìsàlẹ̀ Èkó: Bọ̀ọ̀dá, aago tí ọkọ mi ṣe ga tó èèyàn, inú àpótí pákó ló wà. Á ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á dúró, bẹ́ẹ̀ wéìtì ò tíì délẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dúró, wéìtì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí pendulum nísàlẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti ní ká pe wòlíì.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí wòlíì sinmi, Àǹtí. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an ló ń dá a dúró. Nígbà tí okùn wéìtì bá gùn tó pendulum, ìfì àwọn méjèèjì á bára mu, àpótí tí kò dúró ṣinṣin á máa gbé ìfì pendulum fún wéìtì, wéìtì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, agbára pendulum ló sì ń ná. Ẹ fi skúrù de àpótí mọ́ ògiri lókè, níbi tí pendulum ti rọ̀.

Ìbéèrè, láti Sùúrùlérè: Tí mo bá ń ká okùn sókè, aago mi máa ń dúró.

Ìdáhùn: Torí pé ọwọ́ ẹ ti gbé ẹrù kúrò lọ́rùn jíà nìyẹn. Christiaan Huygens ará Netherlands, tó ṣe aago pendulum ní 1656, ti yanjú ẹ̀: okùn kan ṣoṣo tó so orí pọ̀, ó gba orí róòlù aago, ó tún gba orí róòlù kejì tí kì í yí padà sẹ́yìn, wéìtì wá rọ̀ sáàárín lórí púlì. Apá kejì lo máa fà, tí apá ti aago ò ní dẹ̀ rárá. Ìdajì wéìtì nìkan ni aago ń rí ṣá, tí kìlò 2 bá tó ẹ tẹ́lẹ̀, so 4.

Ìbéèrè, láti Yábàá: Tèmi ò kú, ó ń yá jù ni. Ṣé kí n dín wéìtì kù?

Ìdáhùn: Rárá, gígùn pendulum ni kó o mú. Èyí tó ń sọ ká lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 99.4 ni, láti ibi tó rọ̀ dé àárín orí ẹ̀, tí escape wheel bá sì ní eyín 30 á yí po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Tó o bá sọ orí ẹ̀ kalẹ̀ milimítà 1 péré, á falẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 43 lójúmọ́. Sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, fi í sílẹ̀ di àkókò kan náà lọ́la kó o tó tún fọwọ́ kàn án.