Bẹ́ ẹ ṣe lè kó èèyàn jọ kí àìdíà tuntun jáde, tí kò ní jẹ́ ariwo lásán

Ohun tó sábà máa ń ba irú ìpàdé yìí jẹ́ ni pé ẹnu làwọn èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀ á gbà á sọ, ọ̀gá á dá sí i, làwọn tó kù bá ń mi orí, kẹ́ ẹ tó mọ̀, orí àìdíà kan ṣoṣo ni gbogbo yín wà. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́, ibi tí mo ń lọ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tún ìbéèrè yín ṣe ná. "Báwo la ṣe máa tẹ̀ síwájú?" ti fẹ̀ jù jàre. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Kí la lè ṣe tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rajà lọ́wọ́ wa á fi padà wá láàárín oṣù kan?" Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, torí orí ẹlòmíì ò kì í tètè gbóná.

Alex Osborn, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló bẹ̀rẹ̀ brainstorming ní 1939, ìyẹn kí èèyàn jókòó pọ̀ kí wọ́n máa sọ àìdíà tó bá ti wá sí wọn lọ́kàn, òfin mẹ́rin tó fi lélẹ̀ ṣì wúlò: ẹ má bẹnu àtẹ́ lu àìdíà ẹnikẹ́ni, èyí tó jọ wèrè náà ẹ gbà á wọlé, ẹ jẹ́ kó pọ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì máa fi tiyín kún tẹlòmíì. Ó dáa, àmọ́ nígbà táwọn olùwádìí ní Yale dán an wò ní 1958, èèyàn 4 tí kálukú dá ronú lọ́tọ̀ kó àìdíà jọ ju èèyàn 4 tó jókòó pọ̀ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó kàn ẹ́ o ti gbàgbé tìẹ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Bernd Rohrbach, ará Jámánì, gbé jáde ní 1968, 6-3-5 ni wọ́n ń pè é. Èèyàn 6 á jókòó yíká, kálukú á mú pépà ẹ̀, á kọ àìdíà 3 láàárín ìṣẹ́jú 5, á wá tì í sí ẹni tó tẹ̀ lé e, onítọ̀hún á ka èyí tó wà níbẹ̀ á kọ 3 míì sábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe títí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà á fi pé. Tí gbogbo ẹ̀ bá kún, 108 nìyẹn nínú ìdajì wákàtí! Kò sáriwo o, ẹni tó bá ní òun ò ní nǹkan mọ́, kó tún èyí tó wà lókè ṣe. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó ti rẹ̀ wọ́n nígbà ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ dá a dúró jẹ́ẹ́jẹ́.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ wá lẹ àwọn pépà náà mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ kó àwọn àìdíà tó jọra pọ̀, kí ẹnu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Kálukú á fi máàkà to ààmì 3 sára èyí tó wù ú, kí ọ̀gá ṣe tiẹ̀ kẹ́yìn, torí ibi tó bá kọ́kọ́ fi sí ni gbogbo wọn máa wọ́ tẹ̀ lé e.

Èyí tó bá mókè, ẹ sọ ẹni tó máa dán an wò àti ọjọ́ tó máa jábọ̀ kẹ́nikẹ́ni tó dìde ńbẹ̀. Àwọn àìdíà tó kù, ẹ ya fọ́tò wọn kí ẹni tó ń gbálẹ̀ tó dé.