Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá fẹ́ fi mọ́tò tó ṣì dára pààrọ̀ mọ́tò asáré l'Ékìtì

Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Baṣírì l'Adó gbé mọ́tò wá fi hàn mí. Corolla ọdún 2016 ló ń lò tẹ́lẹ̀. Yàtọ̀ sí táyà, bátìrì àti owó ọ́ìlì, mọ́tò yẹn kò ná an ní nǹkan kan. Ó ti fi í pààrọ̀ mọ́tò asáré kan, Golf GTI pupa, ọdún 2013, ó sì fi owó gidi lé e. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká dé Ìfàkì ká padà."

A ò tíì jáde ládùúgbò tí abẹ́ rẹ̀ fi ha bọ́ǹpù àkọ́kọ́. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí irin ha ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú mọ́tò, ó fọwọ́ kan ibi tó ha, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi padà sílé.

Ó lé ní èèyàn mẹ́ta tó ti bi mí lọ́dún yìí bóyá kí àwọn náà ṣe irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ ohun tó wù ú. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, mọ́tò asáré sì dùn ún wà. Àmọ́ èyí tó tóbi jù nínú àwọn àṣìṣe tí mò ń rí ló máa ń pamọ́ jù: mọ́tò tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ lẹ ń gbé sílẹ̀, ẹ wá ń gba èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ń tà á nìkan ló mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí. Ẹ sì rántí pé ẹni tó kọ́kọ́ ra mọ́tò asáré lókè òkun, kò rà á kó lè máa rọra wà á.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí owó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà, owó mọ́tò ti fò sókè. Ẹni tó ra mọ́tò lọ́dún 2021 lè tà á lónìí ju iye tó rà á lọ, inú rẹ̀ á wá dùn pé òun jèrè. Èrè kọ́ nìyẹn. Ohun tó gbé tiyín sókè ló gbé èyí tí ẹ fẹ́ rà náà sókè. Owó tí ẹ máa fi lé e ló ń jáde lápò yín, òun ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ. Ká ní mọ́tò yín á tà ní mílíọ̀nù 9 náírà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Oníṣòwò á ní mílíọ̀nù 7 àbọ̀ lòun lè gbà á. Tirẹ̀ tó máa tà ní mílíọ̀nù 11 fún ẹni tó kó owó wá, á pè é ní 12 fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe pààrọ̀. Ẹ ó fi mílíọ̀nù 4 àbọ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 2 péré ló wà láàárín mọ́tò méjèèjì. Mílíọ̀nù 2 àbọ̀ ti lọ kí ẹ tó tan iná sí i. Nítorí náà, ẹ má dárúkọ pààrọ̀ létí rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ iye tó ń gbà lọ́wọ́ olówó, ẹ má sì lọ bá a láìtíì mọ iye tí tiyín ń tà.

Èyí tó dun àbúrò mi jù ni ti ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ka nọ́ńbà ara táyà fún un rí. Táyà Corolla rẹ̀, 205/55R16 ni: 205 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 55 sì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 113 rọ́bà láàárín ríìmù àti kòtò. Ti GTI rẹ̀, 225/40R18, mìlímítà 90 péré ni. Táyà fẹ̀ sí i, àmọ́ rọ́bà tó ń gba ìyà fún ríìmù ti dín kù, ríìmù fúnra rẹ̀ sì ti tóbi sí i, láti 16 sí 18. Lójú ọ̀nà Àràmọ̀kọ̀ sí Ìtawúrẹ́, níbi tí ẹ ti ń gun òkè, tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ sì ń já kọ́nà, kòtò kan tí ẹ ò tètè rí tó láti tẹ ríìmù. Àbúrò mi tẹ méjì láàárín oṣù mẹ́ta. Bí a bá sì ní ká wá ibi tí a ti lè sá eré náà dáadáa, kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan ni òfin gbà fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, 50 láàárín ìlú. Corolla ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ epo tún wà ńbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì bèèrè rẹ̀. Turbo ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mọ́tò asáré fi ń fẹ́ epo tí octane rẹ̀ ga, ìyẹn òṣùwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ láìgbiná fúnra rẹ̀. Bí octane epo náà kò bá ga tó bó ṣe yẹ, ó ń gbiná ṣáájú àkókò. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á gbọ́, á sì dín agbára ẹ́ńjìnì kù kó má baà bàjẹ́. Ẹ ti sanwó fún agbára náà, ẹ ò wá rí i lò. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu epo sí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Mẹkáníìkì tó mọ Toyota, ẹ ó rí i láti Ajílọ́sùn títí dé Ìkọ̀lé. Èyí tó mọ DSG, gíà Volkswagen tó ń yí fúnra rẹ̀, kò pọ̀. Irú rẹ̀ tó ní ipele mẹ́fà ń fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì gíà ní nǹkan bíi kìlómítà 64,000, irú ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an ni kí wọ́n sì bù sí i. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Bí nǹkan bá kọṣẹ́, ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni wọ́n á ránṣẹ́ sí fún ẹ̀yà ara mọ́tò, mọ́tò á sì dúró lọ́gbà mẹkáníìkì títí yóò fi dé.

Ínṣọ́ránsì náà kò kéré. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, èyí tó kéré jù fún mọ́tò ara ẹni ti di 15,000 náírà, ṣùgbọ́n èyí tó bo mọ́tò yín fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Lórí mílíọ̀nù 11, ìyẹn jẹ́ 550,000 lọ́dọọdún.

Ẹni tó ní mọ́tò kejì tó lè gbé e lọ sóko, tó sì ti ya owó àtúnṣe ọdún kan sọ́tọ̀, mo gbà kó ra mọ́tò asáré. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, tó ṣì fẹ́ agbára, kó wo Camry V6 ọdún 2018: agbára ẹṣin 301, epo tí kò ní octane gíga ni wọ́n sì ṣe é fún. Kó mú oní ríìmù 18. Rọ́bà ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 106.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ gbé ará ilé yín sínú mọ́tò náà, kó kún bó ṣe máa ń kún lọ́jọ́ Sunday, kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́, bọ́ǹpù àti kòtò rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà fún un, kí ẹ gbé tiyín lọ sílé.