Ẹ má fi àwòrán Piranesi wá ọ̀nà ní Róòmù

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí Carceri, àwọn àwòrán ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Giovanni Battista Piranesi, ayàwòrán ará Ítálì, gbẹ́ sára bàbà, á béèrè pé ìlú wo ni ẹ̀wọ̀n náà wà. Kò sí níbì kankan. Ọmọ agbègbè Venice ni Piranesi, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sẹ́yìn àwọn òṣèré orí ìtàgé. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé kò ṣòro fún un.

Àwòrán Róòmù rẹ̀ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà jù. Àwókù ilé àtijọ́ tó yà níbẹ̀ wà lóòótọ́ o. Àmọ́ ẹ wo àwọn èèyàn tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi ìka wọn ẹnì kan, kí ẹ wá wọn òpó ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣe ni baba náà sọ wọ́n di èèrà kí òpó lè ga gogoro. Goethe, òǹkọ̀wé ará Jámánì, ti mọ àwòrán wọ̀nyí kó tó dé Róòmù ní 1786. Nígbà tó fojú ara rẹ̀ rí àwókù ilé ìwẹ̀ Caracalla níbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ̀yin tó ń ra ẹ̀dà àwòrán rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán tàn yín. Bí wọ́n ṣe ń tẹ irú àwòrán yìí nìyí: ìda ni wọ́n ń fi bo àwo bàbà, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ilà sí i, wọ́n á jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ilà náà, kí wọ́n tó fi yíǹkì pa á, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà tí wọ́n ti rẹ lómi. Ara bàbà ni orúkọ náà wà. Piranesi kú ní 1778, àwọn ọmọ rẹ̀ kó àwo lọ sí Paris, orúkọ yẹn ṣì ń jáde.

Ẹ má sì da Carceri méjèèjì pọ̀. Ti nǹkan bí 1750 jẹ́ àwòrán 14, ilà rẹ̀ fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1761 ó padà sórí àwo kan náà, ó fi òkùnkùn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti àtẹ̀gùn tí kò débì kan kún un, ó fi àwòrán méjì lé e. Èyí ló lókìkí; èmi ò kúrò lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan tún ní kò kọ́lé rí. Láàárín 1764 sí 1766, òun ló tún Santa Maria del Priorato kọ́ lórí òkè Aventine ní Róòmù. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni. Ẹni tó bá ti inú àwòrán rẹ̀ lọ síbẹ̀ á wọlé tán, á tún máa wá ìyókù.