Bí A Ṣe Ń Mú Igbó Óákù Padà Bọ̀ Sípò

Èso óákù (oak), igi ńlá ilẹ̀ olótùútù, kì í ṣòroó hù. Kí ó dàgbà ni wàhálà. Àgbọ̀nrín ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, eku ń wú u jẹ, ìbòòji ń pa á, ọ̀dá ń gbẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ rìn yí igbó náà ká ná. Bí ẹ bá rí ọmọ óákù tí ẹranko ti jẹ orí rẹ̀ léraléra, ààbò ló nílò. Bí ó bá tín-ín-rín lábẹ́ igi ńlá, oòrùn ló ń wá: ẹ gé díẹ̀ nínú àwọn igi tó bò ó. Nígbà míì, ìyẹn nìkan ti tó, ẹ ò ní gbin nǹkan kan.

Bí gbígbìn bá di dandan, ẹ ṣa èso ní ìgbà ìwọ́wé lábẹ́ igi púpọ̀ nínú igbó tó wà nítòsí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìyá kan, àrùn kan ṣoṣo lè pa wọ́n tán. Óákù kì í so dáadáa lọ́dọọdún, torí náà ọdún tó bá so jìngbìnnì ni kí ẹ mú. Ẹ da èso sómi. Èyí tó bá léfòó, ẹ dà á nù, ó ti gbẹ tàbí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Ẹ má sá a sóòrùn o! Kì í ṣe àgbàdo; bó bá gbẹ, ó kú nìyẹn.

Ẹ̀yà óákù funfun, bíi Quercus robur, kì í pẹ́ ta gbòǹgbò. Ẹ tètè gbìn ín. Ẹ̀yà pupa, bíi Quercus rubra, gbọ́dọ̀ fara gba òtútù kó tó hù. Bí eku bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ kó o sínú iyanrìn tó lómi díẹ̀, kí ẹ gbé e sí fíríìjì títí di ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n kó má dì.

Ẹ dá èso náà dùbúlẹ̀ sínú ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5. Mo fẹ́ràn èyí ju kí a kọ́kọ́ gbìn ín sínú ìkòkò lọ, torí gbòǹgbò àkọ́kọ́ ń lọ tààrà sísàlẹ̀ láti wá omi, ìkòkò sì máa ń ká a kò.

Ẹ fi ike gígùn bíi mítà 1.2 yí i ká. Níbi tí àgbọ̀nrín ńlá bá wà, ike náà gbọ́dọ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì ro gbogbo igbó ẹlẹ́gùn-ún dànù, ọgbà ọ̀fẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọ óákù ni. Ẹ máa tu koríko ìdí rẹ̀ fún ọdún 3.

Ẹ fọ ẹrẹ̀ bàtà yín kí ẹ tó wọ igbó mìíràn. Kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Phytophthora ramorum, tó ti pa óákù rẹpẹtẹ ní California, lè bá ẹrẹ̀ rìnrìn àjò.