Bí a ṣe ń fi lésà gbé bọ́ọ̀lù gíláàsì tíńtín dúró sáfẹ́fẹ́, tá a sì ń mú un tutù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láàbù tẹ́ ẹ lè lò, ẹ jọ̀ọ́, awò ojú tí wọ́n ṣe fún lésà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀, torí ojú ò rí lésà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ gùn tó 1064 nm yìí (nm kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), á sì ti ba ẹyinjú jẹ́ kéèyàn tó mọ̀.

Bọ́ọ̀lù silica, ìyẹn gíláàsì, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 150 nm lẹ máa lò. Ẹ bù ú díẹ̀ sínú isopropanol, ọtí kan tó tètè ń gbẹ, díẹ̀ báyìí o, tó bá pọ̀ jù wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, kẹ́ ẹ wá fi nebulizer, irú èyí tí wọ́n fi ń fún oníkọ́ fée lóògùn, fọ́n ọn síbi tí lẹ́ǹsì kó lésà jọ sí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti le jù ló máa há sí. Tó bá mọ́lẹ̀ jù lójú kámẹ́rà, méjì ló lẹ̀ pọ̀ yẹn, ẹ pa lésà kó já bọ́, kẹ́ ẹ mú òmíì.

Ẹ wá máa fa afẹ́fẹ́ jáde nínú àpótí tí bọ́ọ̀lù náà wà, àmọ́ ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá dé 10 mbar (mbar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó), ẹ dúró. Níbẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n ṣì bá ooru yàrá mu, nítorí náà ibẹ̀ lẹ ti máa mọ iye volt lójú ẹ̀rọ tó ń wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń gbọ̀n tó dúró fún 300 K (kelvin, ìyẹn ooru yàrá), ẹni tó bá fo ibí yìí ò ní lè sọ bí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ṣe tutù tó. Ẹ sì tan feedback, ìyẹn ètò tó ń wo bọ́ọ̀lù tó sì ń yí agbára lésà padà láti dá a dúró, kẹ́ ẹ tó lọ sábẹ́ 1 mbar, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù ti ń sá lọ.

Feedback ọ̀hún nìyí: bọ́ọ̀lù náà ń lọ ó ń bọ̀ bíi jangilófà. Bó bá ń kúrò láàárín, ẹ fi díẹ̀ kún agbára lésà, bó bá ń padà bọ̀, ẹ dín in kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń kúrò láàárín nínú ìlọ-àbọ̀ kan, torí ẹ̀ tó bá ń gbọ̀n ní 120 kHz (ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni 240 kHz, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ogójì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), 240 kHz lẹ máa fi yí lésà. Phase, ìyẹn àsìkò tẹ́ ẹ ń fi kún un tàbí dín in kù, ṣe kókó gan-an o, tó bá wà lódì ńṣe lẹ ń ta á nípá, kò ní pẹ́ fò lọ. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí òkè tó wà lórí spectrum, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bó ṣe ń gbọ̀n tó, á fi wálẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni onímọ̀ físíìsì Gieseler àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fi dé 50 mK (mK kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kelvin) lọ́dún 2012, inú mi máa ń dùn sí i torí kò sí fìríìjì kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wà nítòsí 10⁻⁸ mbar, lésà fúnra ẹ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù gbóná, fífa afẹ́fẹ́ jáde sí i ò ràn án mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tutù jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá dígí méjì tó kọjú síra, kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀lù sáàárín wọn, èyí tí wọ́n fi dé 12 µK (µK kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kelvin) ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 2020.