Bí mo ṣe tún àkọsílẹ̀ ìwé tí mo ti kà ṣe

Kíka ìwé Yorùbá kí n sì kọ èrò mi fáwọn ẹlòmíì dùn mọ́ mi gan-an. Àmọ́ òǹkọ̀wé á fi ìwé ránṣẹ́ lónìí, lọ́la á ti máa bèèrè pé, "Ẹ ò tíì kà á tán ni?" Pẹ̀lú ìkánjú yẹn, tí mo bá fi kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ bí "ẹ̀kọ́" nínú àkọsílẹ̀ ìwé tí mo ti kà, díẹ̀ ló ń jáde nínú ibi tí mo ti kọ ọ́.

Ojú lásán ò lè rí ohun tó fà á. Lẹ́tà "ẹ" lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo (U+1EB9 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà), ó lè jẹ́ e tí a fi àmì tóótóó sí lábẹ́ (U+0323), tàbí e tó ní igi kékeré lábẹ́ (U+0329). Bí kíbọọ̀dù bá ṣe rí ni. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nínú LibreOffice, ìyẹn ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, mo gbé kọ́sọ̀ sẹ́yìn lẹ́tà, mo tẹ Alt àti X, nọ́ńbà rẹ̀ sì hàn. Mo kọ́kọ́ fi U+0323 rọ́pò gbogbo U+0329, torí NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kì í bá èèyàn ṣe ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sọ gbogbo rẹ̀ di NFC (àkọsílẹ̀ náà ni oro):

unicodedata.normalize("NFC", oro)

Àmì ohùn orí ẹ́ á ṣì dá dúró o. Unicode ò ní lẹ́tà kan ṣoṣo fún un, ẹ má wulẹ̀ dà ara yín láàmú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá fẹ́ wá náà, ẹ sọ ọ́ di NFC kẹ́ ẹ tó wá a.